Ewé Ẹ̀wà Tí Ó Ń Pọ́n Láìtọ́jọ́

Bí ewé ẹ̀wà bá ń pọ́n kí ó tó so, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sáré lọ ra ajílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ilẹ̀ ń fẹ́ lè má sí nínú àpò náà. Owó á lọ, ẹ̀wà kò sì ní í so.

Àwọn èròjà kan wà tí ẹ̀wà kì í fẹ́ ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ, bí irin, síńkì àti mángánísì. Síbẹ̀, bí ọ̀kan bá ṣaláìtó, irè kò ní í dára.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ó ti ń pọ́n. Bí ó bá jẹ́ ewé tuntun ní orí, tí iṣan rẹ̀ sì tutù, ẹ fura sí irin. Bí ó bá jẹ́ ewé àgbà ní ìsàlẹ̀, ẹ hú ìdí kan, kí ẹ la kókó ara gbòǹgbò rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá pupa, ó ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá pupa, ó lè jẹ́ náítírójìn ni kò tó.

Ṣùgbọ́n ojú nìkan kò tó. Ẹ bu erùpẹ̀ ní ibi 15 sí 20, kí ó jìn tó ìdajì ẹsẹ̀ bàtà. Ẹ pò ó pọ̀, kí ẹ sá a sí ibòòji. Ẹ má ṣe lo garawa onípáànù, nítorí síńkì ara rẹ̀ yóò da àyẹ̀wò rú. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wà ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1988. Ẹ lọ bá wọn kí ẹ tó náwó.