Ewé tí Ìdọ̀tí Kì í Lẹ̀ Mọ́



Ọmọ tí ó bá ti bá ìyá rẹ̀ dé akùrọ̀ rí yóò ti ṣàkíyèsí pé omi kì í dúró lórí ewé kókò. Ńṣe ni ó ń ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀, tí ó sì ń yí dànù. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń rí tí wọ́n sì ń kọjá lára rẹ̀ yìí, ọkùnrin kan ní Jámánì dúró tì í fún ogún ọdún.

Wilhelm Barthlott ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1946 ni a bí i. Ìmọ̀ ewéko ni ó kọ́ ní Yunifásítì Heidelberg. Ní àwọn ọdún 1970, ó ń fi awò alágbára, èyí tí ń fi ẹ̀lẹ́kítírónì sọ ohun kékeré di ńlá, yẹ ara ewé wò. Kí a tó gbé ewé sábẹ́ irú awò bẹ́ẹ̀, a ní láti nu eruku ara rẹ̀ kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka sáyẹ́ǹsì, ẹ fiyè sí ibí yìí: Barthlott rí i pé àwọn ewé kan kò fẹ́ ìnù rárá. Ó sì tún yani lẹ́nu pé ewé tí ń dán ni eruku ń dì mọ́. Èyí tí ara rẹ̀ rí gbágungbàgun ni ó mọ́.

Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Bonn. Òun àti Christoph Neinhuis yẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ewé wò. Ewé kókò wà nínú wọn, ṣùgbọ́n lótọ́ọ̀sì, ewéko ojú omi ilẹ̀ Ásíà tí ó jọ òṣíbàtà, ni ó gbajúmọ̀ jù. Gegele kéékèèké wà lórí ewé náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Ìda sì hù lórí wọn bí ọ̀pá tín-ín-rín, tí ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí 100 nánómítà. (Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nánómítà.) Ṣóńṣó orí wọn nìkan ni ẹ̀kán omi ń fara kàn, afẹ́fẹ́ ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Eruku pàápàá kò rí ibi dì mú, omi a sì kó o lọ.

Àwọn onílé-iṣẹ́ kò kọ́kọ́ gbà. Lójú tiwọn, ohun tí ó bá ń dán ni ó lè mọ́. Ṣíbí ni Barthlott fi dá wọn lóhùn. Ó ṣe ṣíbí kan tí ara rẹ̀ dà bí ti ewé náà, ó fi bu oyin, oyin sì ṣàn dànù láìlẹ̀ mọ́ ọn. Ní 1997 ni ìwé ìwádìí wọn nípa lótọ́ọ̀sì jáde. Ní 1999, ọ̀dà ògiri tí òjò ń fọ̀ dé ọjà, a sì fún un ní Ẹ̀bùn Àyíká ti ilẹ̀ Jámánì.

Àbùkù ọ̀dà náà ni pé ewé tí ó wà láàyè a máa hu ìda mìíràn bí ti ìṣáájú bá ha. Ògiri kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kò dá ọ̀jọ̀gbọ́n náà dúró. Ní 2010, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé bí Salvinia, ewéko ojú omi mìíràn, ṣe ń fi irun ara rẹ̀ di afẹ́fẹ́ mú lábẹ́ omi fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ọkọ̀ òkun ni wọ́n ń rò: bí afẹ́fẹ́ bá lè wà láàárín ara ọkọ̀ àti omi, epo tí ọkọ̀ náà ń jó yóò dín kù.