Dátà Ojú-Ẹsẹ̀ àti Ìjì Inú Òfurufú

Ẹ ti mọ ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Oòrùn ń tú afẹ́fẹ́ tó gbé iná mànàmáná jáde. Bó bá kọlu òòfà ayé, ó lè di ìjì. Dátà ojú-ẹsẹ̀ ni èyí tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ láàárín ìṣẹ́jú tàbí wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí irinṣẹ́ wọ̀n ọ́n. Ìpìlẹ̀ tó báyìí.

Àwọn kan nínú iṣẹ́ wa ń sọ pé dátà tí a kò tíì yẹ̀ wò fínnífínní kò ṣe é lò. Ìgbà tí mo ṣì ń fi lẹ́ńsì ka fíìmù ni mo ti ń gbọ́ ọ. N kò gbà nígbà náà, n kò gbà lónìí. Ẹ wo Québec ní Kánádà. Ní òru ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 1989, ìjì òòfà kọlu ibẹ̀. Àpáta abẹ́ ilẹ̀ wọn kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa, nítorí náà iná tí ìjì náà dá sílẹ̀ gba inú wáyà gígùn Hydro-Québec, ilé-iṣẹ́ iná wọn. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, gbogbo ètò iná ti wó. Mílíọ̀nù mẹ́fà ènìyàn wà nínú òkùnkùn fún nǹkan bíi wákàtí 9, nínú òtútù! Bẹ́ẹ̀ sì ni ISEE-3, sátẹ́láìtì tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ oòrùn níwájú ayé láti 1978, ti kúrò níbẹ̀ ní 1982, wọ́n ní kó lọ lépa ìràwọ̀ onírù. Aṣọ́nà kò sí lẹ́nu ibodè.

Lẹ́yìn náà, sátẹ́láìtì ACE gbéra lọ sí ibodè yẹn ní 1997, DSCOVR tẹ̀ lé e ní 2015, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ kìlómítà sí wa. Ohun tí sátẹ́láìtì ibẹ̀ bá rí máa ń fún wa ní ìṣẹ́jú 15 sí 60 kí ìjì tó dé. Kí ni òṣìṣẹ́ iná fẹ́ fi dátà tó pé lẹ́yìn oṣù púpọ̀ ṣe?

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo ní láti bá yín wí. Ibùdó dátà tó wà ní Kyoto, ní Japan, máa ń gbé Dst, òṣùwọ̀n tó ń sọ bí ìjì òòfà ṣe le tó, jáde lẹ́ẹ̀mẹta: ti ojú-ẹsẹ̀, ti ìgbà díẹ̀, ti àṣekágbá. Ẹ ń kó ti ojú-ẹsẹ̀ sínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, ẹ kì í kọ irú èyí tí ẹ lò, ẹ kì í kọ ọjọ́ tí ẹ kó o. Ẹ dẹ́kun rẹ̀.

Ilẹ̀ wa Nàìjíríà náà ńkọ́? A wà nítòsí ìlà agbedeméjì òòfà ayé. Bí oòrùn bá wọ̀, ihò lè lu ìpele òkè tó ní iná nínú, GPS a sì máa ṣìṣe. Ní Ìbàdàn, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi rédíò wọn ìpele yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Irinṣẹ́ tó ń fi èsì ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ ni a nílò ju ilé tuntun lọ.

Alága ti ń wo aago. Sátẹ́láìtì Starlink 49 tó gbéra ní oṣù Kejì ọdún 2022, tí ìjì kékeré sọ nǹkan bí 40 nínú wọn nù, n kò ráyè dé ibẹ̀. Ẹ bi mí ní ìbéèrè.