Iṣan, Ọpọlọ àti Bíréèkì

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, bí irin gbígbóná bá kàn wá lọ́wọ́ nídìí ẹ̀rọ, a ó ti fa ọwọ́ kúrò kí á tó mọ̀ pé ó jó wa. Okùn iṣan inú eegun ẹ̀yìn ló pàṣẹ yẹn. Kò dúró de ọpọlọ.

Bíréèkì kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ní láti ránṣẹ́ sí ọpọlọ, kí ọpọlọ tó ránṣẹ́ gba ẹ̀yìn lọ sí ẹsẹ̀. Ó lè gba ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan á ti rin mítà 22 kí ẹsẹ̀ tó tẹ bíréèkì. Àìsùn a máa fà á gùn sí i. Ọtí náà ńkọ́, ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa. Ìdí nìyí tí a fi ń bèèrè awakọ̀ kejì fún ìrìn òru.