Ajá Tó Ń Họra

Ẹ wo ajá ẹnu ọ̀nà yín. Ṣé ó ń họra, tó ń lá ẹsẹ̀ ṣáá, tí etí rẹ̀ sì ń rùn? Eégbọn àti èkúrú ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí kò bá sí, ẹ yẹ àwo oúnjẹ rẹ̀ wò.

Àgbàdo la máa ń dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n ẹran màlúù, wàrà, adìyẹ àti àlìkámà ni ara ajá sábà máa ń kọ̀, àní èyí tó ti ń jẹ láti ọdún pípẹ́. Àgbàdo ní wàhálà tirẹ̀: bí ajá bá ń jẹ òkà àgbàdo nìkan tọ̀sán-tòru, ohun kan nínú ọkà náà kì í jẹ́ kí ara rẹ̀ rí síǹkì gbà. Awọ á wá le, á sé èépá yí ojú àti ẹnu ká. Ìyẹn kì í ṣe àlẹ́jì rárá.

Láti mọ̀ bóyá oúnjẹ kan ni ara rẹ̀ ń kọ̀, ẹ fún un ní ẹran tí kò jẹ rí, bóyá ehoro, pẹ̀lú iṣu sísè, fún ọ̀sẹ̀ 8. Kò gbọdọ̀ jẹ nǹkan mìíràn. Níbí ni iṣẹ́ wà! Nínú agbo ilé wa, ta ló máa dá àwọn ọmọdé dúró kí wọ́n má ju egungun sí i? Bí ara bá balẹ̀, ẹ dá oúnjẹ àtijọ́ padà. Bí ìhọra bá tún dé láàárín ọ̀sẹ̀ 2, ẹ ti mú olè náà. Ẹ má fi àlùbọ́sà sí oúnjẹ rẹ̀ o, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́.