Ta Ló Ń Ṣọ́ Abẹ́ Apẹ̀rẹ̀? Ìṣirò àti Ìṣọ́ nínú Básíkẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá: báwo la ṣe ń mọ ẹni tó mọ abẹ́ apẹ̀rẹ̀ ṣọ́?

Èkó yìí la bí Hakeem Olajuwon sí, ní 1963. Gólì ló ń ṣọ́ kó tó mọ básíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó fi NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, sílẹ̀ ní 2002, bọ́ọ̀lù 3,830 ló ti fọwọ́ gbá dànù mọ́ àwọn tó ń jù ú lọ́wọ́. Títí dòní, kò sẹ́ni tó kọjá iye yẹn níbẹ̀. Ní sáà 1989 sí 1990 nìkan, ó gbá 376 dànù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Sáà 1973 sí 1974 ni NBA tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀. Bill Russell, tó gba ife-ẹ̀yẹ 11 pẹ̀lú ẹgbẹ́ Boston, ti fi pápá sílẹ̀ láti 1969; ìwé wọn kò ní iye kankan fún un. Ohun tí a kò kà kì í ṣe ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Ẹ wo ọlọ́dẹ tó ń fun fèrè ládùúgbò wa lóru. Ó lè má mú olè kan ṣoṣo lódidi ọdún. Olè tó gbọ́ fèrè tó sì yí padà, ta ló kà á?

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni abẹ́ apẹ̀rẹ̀ rí. Ká ní ọmọ wa wà lórí pápá fún ogún ìṣẹ́jú. Àwọn alátakò ju bọ́ọ̀lù 20 nítòsí apẹ̀rẹ̀, 9 wọlé: àmì 18. Ó jókòó fún ogún ìṣẹ́jú mìíràn: wọ́n ju 30, 18 wọlé: àmì 36. Ó lè jẹ́ bọ́ọ̀lù méjì péré ló gbá dànù. Méjì yẹn nìwé ìdíje máa kọ. Kò ní kọ àwọn tó tàsé nítorí pé ó nawọ́ sókè, kò sì ní kọ 10 tí wọn ò tilẹ̀ dán wò nítorí pé ó dúró níbẹ̀.

Ọ̀nà méjèèjì yìí ni àwọn olùwádìí Kirk Goldsberry àti Eric Weiss fi kámẹ́rà wọ̀n ní 2013: bí olùṣọ́ ṣe ń mú kí bọ́ọ̀lù tàsé, àti bó ṣe ń mú kí alátakò yàgò fún apẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí NBA fi gbé irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ sí gbogbo pápá rẹ̀.

Ẹ̀yin kóòṣì, a kò nílò kámẹ́rà kí a tó bẹ̀rẹ̀. Bírò àti ìwé kan tó. Ẹ kọ ẹni tó wà lórí pápá, iye bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù nítòsí, iye tó wọlé. Ẹ kọ ibi tí wọ́n ti ju àwọn yòókù pẹ̀lú, torí olè tí ọlọ́dẹ lé kúrò lójúlé wa lè gba ojúlé kejì wọlé. Ìdíje kan kò tó láti fi ṣèdájọ́. Ẹ kọ ọ́ fún odidi sáà.

Ọmọ kan wà láàárín àwọn ọmọ yín tó ń dúró gírí, tó nawọ́ sókè, tí alátakò rí i tó sì yà. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.