Gbígbé Áàpù Tí A Ṣe Láìkọ Kóòdù Lọ Sí Ọjà: Ta Ni Yóò Dáhùn Fún Un?

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn oníṣòwò Fìdítì, Ìlọrà àti gbogbo agbègbè Afijió



Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ kọjá ní Fìdítì ní àsìkò ọsàn yóò mọ ohun tí ojú àgbẹ̀ ń rí. Ọsàn a pọ̀ bí òkìtì, oníbàárà a wà ní Èkó àti ní òkè Ọya, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ọsàn kò mọ ẹni tí ó ń wá a. Kí àwọn méjèèjì tó pàdé, ọsàn ti ń jẹrà. Nítorí náà, bí ọ̀dọ́ kan ní agbègbè yìí bá sọ pé òun fẹ́ ṣe áàpù tí yóò so àgbẹ̀ pọ̀ mọ́ oníbàárà lórí fóònù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ gidi ni ó sọ.

Ní àtijọ́, ẹni tí kò bá lo ọdún púpọ̀ nídìí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kò lè dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe, nítorí pé èdè tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́, èyí tí a ń pè ní kóòdù, ni yóò kọ́kọ́ kọ́. Ìyípadà ńlá dé ní oṣù Keje ọdún 2010, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Google kéde App Inventor, irinṣẹ́ tí ènìyàn fi ń to àwọn ègé aláwọ̀ oríṣiríṣi pọ̀ lójú kọ̀ǹpútà bí ọmọdé ti ń to igi ìṣeré, tí áàpù yóò sì jáde láìkọ ìlà kóòdù kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hal Abelson ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà ni ó ṣáájú iṣẹ́ náà. Lónìí, Thunkable, Adalo, Glide àti FlutterFlow pẹ̀lú wà nínú irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, ọmọbìnrin márùn-ún láti ilé-ẹ̀kọ́ Regina Pacis ní Onitsha, ìpínlẹ̀ Anambra, gba ipò kìíní ní ìpele àwọn ọmọdé nínú ìdíje Technovation tí ó parí sí Amẹ́ríkà. Áàpù tí wọ́n pè ní FD-Detector, tí wọ́n pète láti fi dá ayédèrú oògùn mọ̀, ni wọ́n gbé lọ. App Inventor wà lára àwọn irinṣẹ́ tí ìdíje náà ti fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin. Bí ọmọ Onitsha bá lè ṣe é, kí ni yóò dí ọmọ Ìlọrà lọ́wọ́?

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí a ṣe áàpù, ọ̀tọ̀ sì ni kí a gbé e dé ọjà. Irinṣẹ́ tuntun náà gba iṣẹ́ kóòdù kíkọ lọ́rùn ènìyàn, kò gba ẹrù ìdáhùn lọ́rùn rẹ̀. Ọjà ńlá méjì ni ó wà fún áàpù fóònù. Èkíní ni App Store ti ilé-iṣẹ́ Apple, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2008 pẹ̀lú 500 áàpù. Èkejì ni ti Google, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, tí wọ́n sì sọ ní Google Play ní ọdún 2012. Ẹni tí yóò pàtẹ ní ọjà Google yóò san dọ́là 25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ti Apple jẹ́ dọ́là 99 ní ọdọọdún, bí kò bá sì san án mọ́, wọn yóò kó áàpù rẹ̀ kúrò lórí àtẹ. Fún ẹni tí ó ń ná náírà, kí ó tètè béèrè lọ́wọ́ báǹkì rẹ̀ bóyá káàdì rẹ̀ lè san owó òkèèrè, nítorí pé ní ọdún 2022 àwọn báǹkì ńlá dín irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ kù sí dọ́là 20 lóṣù, èyí tí kò tó owó ìwọlé ọjà Google.

Níbi owó yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń ṣìṣe. Ẹni tí kò rí dọ́là san a máa wá ẹlòmíràn tí ó ti ní àkáǹtì lọ́jà, a sì fi áàpù rẹ̀ sí abẹ́ orúkọ onítọ̀hún. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí i. Ẹni tí àkáǹtì wà lórúkọ rẹ̀ ni ọjà mọ̀ ní olóhun. Òun ni ó lè tún áàpù ṣe, òun ni ó lè yọ ọ́ kúrò, òun ni ìwé ìkìlọ̀ yóò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn áàpù mìíràn tí ó wà lábẹ́ àkáǹtì náà bá rú òfin tí wọ́n sì ti àkáǹtì náà pa, aláìṣẹ̀ yóò bá ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ. Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ fi sùúrù kó owó tirẹ̀ jọ, kí ó sì fi káàdì ìdánimọ̀ tirẹ̀ wọlé. Bí ó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni ó ni áàpù náà, kí wọ́n ṣí àkáǹtì ní orúkọ ẹgbẹ́ tí ìjọba ti fọwọ́ sí, kí wọ́n sì gba nọ́ńbà D-U-N-S tí ọjà méjèèjì ń béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá jọ sọ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ọjọ́ ìjà ni a ń wá ìwé àdéhùn.

Nǹkan kékeré kan tún wà tí a kì í kọbi ara sí. Áàpù kọ̀ọ̀kan ní orúkọ inú tí ọjà fi ń dá a mọ̀, èyí tí ó yàtọ̀ sí orúkọ tí àwọn ènìyàn ń rí. Tí áàpù bá ti jáde, a kò lè yí orúkọ inú yìí padà mọ́. Àwọn irinṣẹ́ kan a máa fi orúkọ tí ó wù wọ́n síbẹ̀ bí ènìyàn kò bá yan tirẹ̀. Kí ọlọ́gbọ́n yan án fúnra rẹ̀ kí ó tó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn. Ti orúkọ tí gbogbo ènìyàn ń rí, kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 30 lọ ní ọjà Google, àlàyé kúkúrú tí ó tẹ̀lé e kò sì gbọdọ̀ ju 80 lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò dé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣí àkáǹtì ti ara rẹ̀ lọ́dọ̀ Google lẹ́yìn ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ó di dandan kí ó kọ́kọ́ fún àwọn ènìyàn ní áàpù náà láti dán wò fún ọjọ́ 14 léraléra. Ogún ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè, wọ́n sì dín in kù sí 12 ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Àwọn kan ti sọ èyí di òwò, wọ́n ń ta orúkọ àwọn adánniwò tí kò ní ṣí áàpù náà rárá. Ẹni tí ó bá ra irú wọn ti ra irọ́, bí irọ́ bá sì lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ènìyàn 12 kò sì ṣọ̀wọ́n ní Fìdítì. Kí ọ̀dọ́ náà mú ìyá márùn-ún nínú àwọn tí ń ta ọsàn, awakọ̀ mẹ́ta ní ibùdókọ̀, àti oníbàárà mẹ́rin láti Ìbàdàn. Kí ó jókòó ti ìyá tí kò mọ̀wé, kí ó wo ibi tí ìka rẹ̀ ti dúró tí kò mọ èyí tí yóò tẹ̀. Ohun tí ìyá náà yóò fi hàn án ní ọjọ́ kan, ẹgbàágbèje adánniwò èké kò lè fi hàn án.

Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù lọ ni ti àmánà. Ọjà méjèèjì ń béèrè pé kí olóhun áàpù sọ irú ìsọfúnni tí áàpù rẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn: orúkọ wọn, nọ́ńbà wọn, ibi tí wọ́n wà, àti ẹni tí ó ń fún ní ìsọfúnni náà. Ẹni tí kò kọ kóòdù a máa rò pé òun kò gba ohunkóhun, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tí ó lò lè kó ọwọ́ ẹlòmíràn wọ inú áàpù náà láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Muslim Pro, áàpù tí ń sọ àkókò ìrun, tí àwọn ènìyàn ti gbà sórí fóònù ní ìgbà tí ó ju mílíọ̀nù 90 lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ìwé ìròyìn Motherboard ròyìn pé ìsọfúnni nípa ibi tí àwọn olùlò wà ń lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ X-Mode, àti pé láti ibẹ̀ ni ó ń gba ọwọ́ àwọn agbaṣẹ́ṣe dé ọ̀dọ̀ ológun Amẹ́ríkà. Àwọn olóhun áàpù náà sọ pé àwọn kò ta ohunkóhun fún ológun, wọ́n sì já okùn tí ó wà láàárín àwọn àti X-Mode. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, Apple àti Google pàṣẹ fún gbogbo ẹni tí kóòdù X-Mode wà nínú áàpù rẹ̀ pé kí ó yọ ọ́ kúrò. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó ní amòye, kí ni ẹni tí ó ń to ègé pọ̀ ní yàrá rẹ̀ yóò wí? Kí ó béèrè ohun tí ó wà nínú ègé kọ̀ọ̀kan kí ó tó tò ó. Kí ó má sì gba ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ kò nílò. Ìyá tí ń ta ọsàn kò ní láti fi gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀ lélẹ̀ kí ó tó ta agbọ̀n kan. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023, pẹ̀lú fi ẹrù yìí lé ẹni tí ó bá ń gba ìsọfúnni lórí.

Ní ti Apple, òfin rẹ̀ kan kan àwọn tí kò kọ kóòdù ní tààrà. Áàpù tí a fi àwòṣe tí ilé-iṣẹ́ kan ń tà ṣe, wọn kò ní gbà á àyàfi bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gan-an ni ó mú un wá. Wọn kì í sì í gba áàpù tí kò ju ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì tí a wé lọ. Ní ti owó, ọsàn jẹ́ ọjà tí a ń fọwọ́ kàn. Nítorí náà ìdá owó tí Apple àti Google ń yọ lára ohun tí a tà nínú áàpù kò kàn án, ènìyàn lè gba owó rẹ̀ nípasẹ̀ Paystack tàbí kí oníbàárà fi ránṣẹ́ sí báǹkì.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé iṣẹ́ parí ní ọjọ́ tí áàpù jáde. Lọ́dọọdún ni Google ń béèrè pé kí áàpù bá Android tuntun mu. Irinṣẹ́ tí a fi ṣe é náà sì lè kú. Google fúnra rẹ̀ ti App Inventor pa ní òpin ọdún 2011, àwọn tí ń lò ó sì ní láti kó iṣẹ́ wọn jáde, kí MIT tó tún un ṣí ní ọdún 2012. Ẹni tí ó ń kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀, kí ó máa tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ sí ọwọ́ ara rẹ̀.

Ní kúkúrú, ẹni tí kò tíì lè gbé gbogbo ẹrù yìí kò jẹ̀bi bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Ó lè fi Glide ṣe èyí tí kò ní gba ọjà kankan kọjá, tí àwọn ènìyàn yóò kàn tẹ líǹkì rẹ̀ lórí WhatsApp. Bí àwọn àgbẹ̀ ogún bá fi í ta ọsàn ní àsìkò kan, ó di ìgbà náà kí ó wá dọ́là 25. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe sọ pé fóònù nìkan ni ọmọ yín ń tẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí ó ń ṣe lórí rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, orúkọ yín ni yóò wà lábẹ́ áàpù náà níwájú gbogbo ayé. Ẹ rí i pé ẹ lè dáhùn fún un. Kí Ọlọ́run fi òtítọ́ àti ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wa. Àmín.