Bí A Ṣe Ń Wọn Àkọ̀ Iná inú Plásímà

Ọ̀rọ̀ wa lálẹ́ òní dá lórí òṣùwọ̀n, nítorí ohun tí a kò bá lè wọ̀n, a kò lè pàṣẹ fún un.

Bí a bá fa afẹ́fẹ́ inú ìkòkò onírin jáde, tí a rọ ìwọ̀nba gáàsì ágọ́ọ̀nù sí i, tí a sì fi iná mànàmáná tí ń lọ tí ń bọ̀ ní ìgbà mílíọ̀nù 13.56 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan kọ lù ú, gáàsì náà yóò máa tàn. Òun ni Irving Langmuir, ọmọ Amẹ́ríkà, sọ ní plásímà ní ọdún 1928. Ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù àti áyọ́ọ̀nù ni ó kún inú rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ágọ́ọ̀nù kan wúwo ju ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan lọ ní ìlọ́po bí 73,000. Nítorí náà, ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni í kọ́kọ́ sá dé ara irin. Àlàfo tóóró tí ó ṣókùnkùn a sì yí irin náà ká. Àlàfo yìí ni àkọ̀, nítorí ó bo irin bí àkọ̀ ti í bo idà.

Kí ni ó kàn wá níbẹ̀? Fóltéèjì inú àkọ̀ ni ó ń ta áyọ́ọ̀nù lu ohun tí a tẹ́ sórí irin. Ipá yìí ni a fi ń gbẹ́ ojú ọ̀nà tín-ín-tìn-tín sára ṣíìpù kọ̀ǹpútà. Bí ó bá kéré jù, ihò kò ní gún; bí ó bá pọ̀ jù, ṣíìpù bàjẹ́.

A lè ti abẹ́rẹ́ Langmuir bọ inú plásímà, ṣùgbọ́n iná tí ń fò sókè sódò a máa tan abẹ́rẹ́ jẹ, abẹ́rẹ́ pàápàá a sì máa da àkọ̀ rú. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń wọn fóltéèjì àti iná tí ń ṣàn láti ìta. Èyí náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀: wáyà àti ara ìkòkò a máa bu tiwọn mọ́ ọn. A ní láti kọ́kọ́ wọn ìkòkò nígbà tí kò sí plásímà nínú rẹ̀, kí a tó yọ tirẹ̀ kúrò. Ọ̀nà kẹta ni láti lu ihò wẹ́wẹ́ sára irin, kí a ka áyọ́ọ̀nù tí ń gbabẹ̀ kọjá gẹ́gẹ́ bí agbára wọn.

Bí oníkóńgò bá tẹ ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú, ẹni tí ó ra gààrí kò ní mọ̀ títí yóò fi délé. Nítorí irú èyí ni àwọn onímọ̀ ṣe fẹnu kò ní ìpàdé Gaseous Electronics Conference ti ọdún 1988 pé kí gbogbo ilé ìwádìí máa lo ìkòkò oníwọ̀n kan náà. Nígbà tí wọ́n fi àbájáde wéra, ó hàn pé wáyà àti ara ìkòkò wà lára ohun tí ń fa ìyàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí á máa yẹ kóńgò wò kí a tó bá gààrí jà.